O Gbé Òpó Mápó Wọ̀ Lọ sí Èkó

Bọ́ bàtà yẹn sẹ́nu ọ̀nà. Fọwọ́ ẹ. Jókòó. Mi ò tíì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu ẹ, torí àmàlà yìí ti wà nínú kúlà látìgbà tí wọ́n ti pe ìrun Mọ̀gàríbì, àmàlà kì í sì í dúró de ọmọ tó lọ ṣe fàájì l'Ékòó. Ọjọ́ Jímọ̀ lo jáde nílé yìí. O ní Sátidé lo máa dé. Òní Sọ́ńdè, aago mẹ́jọ alẹ́, lo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú Micra ní Bẹẹrẹ, tó o wá ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ ní Bẹyẹrúnkà pẹ̀lú àpò ìwé léjìká bí alábàárù Ògùnpa. Ojú ẹ ti wọnú. Ṣé wọn ò fún yín lóúnjẹ níbẹ̀ ni? Àbí ìwé lẹ jẹ?

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi." Ẹnu tó ń bẹ̀bẹ̀ yẹn, fi jẹun. Gbẹ̀gìrì wà nínú abọ́ kejì.

Mo ti rí gbogbo ẹ. Àbúrò ẹ gbé fóònù sí mi lójú lánàá, ó ní, "Àǹtí, ẹ wo ẹ̀gbọ́n mi láàárín àwọn òǹkọ̀wé." Mo rí ẹ níbi tó o ti tò sẹ́yìn èèyàn bí ogójì, kí obìnrin kan tó ti òkè òkun wá lè fọwọ́ sí ìwé ẹ. Ìwọ tí mo rán sí báńkì lóṣù tó kọjá, tó o ní ìlà ti gùn jù, tó o yíjú padà wálé! Mo rí bó o ṣe ń ṣẹ́jú. Mo rí bó o ṣe fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà bí ẹni tó ń gba omi sàráà. Ìyẹn ò burú, ọmọlúàbí ni mo kọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mo tún rí aṣọ tó wà lára ẹ. Àjọkẹ́, ta ló ni àdìrẹ yẹn?

Má dá mi lóhùn. Èmi ni mo ni ín. Ìsàlẹ̀ àpótí mi lo ti fà á yọ nígbà tí mo lọ sí Ọjà'ba. Ìbàdàndùn ni, àdìrẹ ẹlẹ́kọ gidi, èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára ẹ̀ kí wọ́n tó kì í bọ inú aró. Ìyá mi ló rà á. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n yà síbẹ̀? Òpó Mápó ni. Òpó gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, pẹ̀lú ṣíbí tí wọ́n tò sáàárín òpó kan sí èkejì. Àwọn ìyá tó ń ya àdìrẹ nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní àwòrán yíyà ní yunifásítì kankan. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ilé ńlá kalẹ̀ lórí òkè kí ẹ̀rù lè bà wá. Àwọn ìyá wò ó títí, wọ́n sọ ọ́ di aṣọ ìró, wọ́n fi ṣíbí sí i, wọ́n ní Ìbàdàn dùn. Ṣíbí yẹn ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ìwọ wá gbé òpó Mápó wọ̀, o gbé e dé Èkó, o dúró níwájú àwọn àlejò. Wọ́n bi ẹ́ pé níbo lo ti wá. O ní Ìbàdàn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní apá ibo? O rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló dùn mí, o ní, "Ìbàdàn àtijọ́ ni o, lọ́hùn-ún lẹ́yìn Ọjà'ba. Kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ jàre, àfi páànù tó dípẹtà àti àmàlà." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Èyí tó o ń jẹ yìí ńkọ́? Ṣé ó ti dípẹtà?

Ó dáa, ká bẹ̀rẹ̀ látorí páànù. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ J.P. Clark, ọmọ apá Delta, tó kàwé ní yunifásítì wa níbí. Ó wo páànù yìí kan náà, ó kọ ewì ìlà márùn-ún péré nípa ẹ̀, ó pe orúkọ ẹ̀ ní "Ibadan". Ìlà márùn-ún o! Ká ní àròkọ ni, tíṣà ì bá nà án. Látìgbà yẹn, àwọn ọmọ ilé ìwé tí ò débí rí ti ń há a sórí. Àwa tá à ń gbé abẹ́ páànù ọ̀hún, tí òjò ń jò sí láàárín orí, kò sẹ́ni tó fún wa ní kọ́bọ̀ nínú owó ewì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi páànù Ìbàdàn ṣe yẹ̀yẹ́, kó kọ́kọ́ lọ kọ ìlà márùn-ún tiẹ̀ wá ná.

Ọdún ìwé tó o lọ yẹn gan-an ńkọ́? Aké ni wọ́n ń pè é, orúkọ àdúgbò l'Abẹ́òkúta, torí Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2013, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Èkó ní 2018. Lola Shoneyin ló dá a sílẹ̀. Níbo ni wọ́n ti bí òun? Ìbàdàn. Ìwé tó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tó jáde ní 2010 nípa Bàbá Ṣẹ̀gi àti àwọn ìyàwó ẹ̀, ìlú wo ni Bàbá Ṣẹ̀gi ti ń ko àwọn ìyàwó tó ń yọ ọ́ lẹ́nu? Ìbàdàn níbí náà ni. Ìwọ dà bí ẹni tí wọ́n kó èlùbọ́ kúrò lójúde ẹ̀ ní Ọjà'ba, wọ́n kó o lọ sí Mushin, òun náà wọkọ̀ lọ rà á ní Mushin, ó wá rù ú padà wá sí Ọjà'ba, ó ń sọ fún wa pé èlùbọ́ Èkó yàtọ̀.

Mi ò ní kó o má lọ o. Ta ló bá ẹ wá owó ọkọ̀? Mo kàn ní kó o má ti ibẹ̀ bú ilé ni. Àwọn àgbà tó ní Ìbàdàn ń gbe àlejò ju onílé lọ ò purọ́. Ṣùgbọ́n onílé tó bá ń pẹ̀gàn ilé níta, ta ni yóò gbè é?

Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ rí òǹkọ̀wé nílé yìí. Ìgbà tí èmi kọ́kọ́ rí wọn, mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, àtẹ ẹ̀pà ló wà lórí mi. Ìyá mi ń ta ẹ̀kọ ní Dùgbẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á di ẹ̀pà yíyan sínú bébà fún mi kí n máa kiri, bébà ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé ló fi ń dì í. Ilé kan wà nítòsí ọjà níbẹ̀ tó jẹ́ ilé oúnjẹ àwọn Kòráà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1961 la rí i tí wọ́n ń kó àga wọbẹ̀, tí wọ́n ń gbé àwòrán kọ́ ògiri, táwọn ọmọkùnrin kan tí ojú wọn ò gbébì kan ń wọlé ń jáde pẹ̀lú òyìnbó kan. Ulli Beier ni òyìnbó náà. Mbari ni wọ́n pe ilé yẹn. Chinua Achebe ló mú orúkọ náà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Ìgbò, ilé tí wọ́n máa ń mọ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀, tí wọ́n á fi ère amọ̀ kún inú ẹ̀ bámúbámú. Tí wọ́n bá ti mọ ọ́n tán, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún òjò. Mo gbọ́ ìyẹn lẹ́yìn ìgbà náà ni. Nígbà yẹn, ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn tó bá ń jáde níbẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ títí tí ebi á fi pa wọ́n, ọjà mi sì máa ń tà.

Ka orúkọ wọn fún ara ẹ, torí pé o mọ̀ wọ́n lójú ìwé: Wọlé Ṣóyínká nígbà tí irùngbọ̀n ẹ̀ ṣì dúdú. Clark onípáànù. Christopher Okigbo, tó ń ṣojú Cambridge ta ìwé n'Íbàdàn. Mabel Segun. Ezekiel Mphahlele, tó kúrò ní South Africa nítorí ìyà tí ìjọba aláwọ̀ funfun fi ń jẹ àwọn aláwọ̀ dúdú. Demas Nwoko ayàwòrán. Má wulẹ̀ bi mí pé èwo nínú wọn ló ra ẹ̀pà. Ọmọdé ò mọ ẹni ńlá. Ẹni tó bá ní sísì lọ́wọ́ lẹni ńlá tèmi. Ká ní mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn máa gba Nobel ní 1986 ni, ǹ bá ti fún gbogbo wọn ní ènì kí n má baà ṣì í mú.

Alẹ́ ọjọ́ kan, ìlù sọ nínú ilé náà. Mo ní àríyá ni. Mo sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Orin ìjọ ni wọ́n ń kọ o, orin Jésù, ṣùgbọ́n ìlù Yorùbá ló ń gbè é. Dúró Ládípọ̀ ni, láti Òṣogbo. Ó ti gbìyànjú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́hùn-ún, inú bí àwọn kan pé ó gbé ìlù wọlé Olúwa. Ìbàdàn ló wá ti rí àyè ṣe é. Èmi ọmọ Alájì, mo sọ àtẹ kalẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ń mi orí sí orin onígbàgbọ́. Nígbà tí mo máa fi bojú wolẹ̀, àwọn ọmọ ìta ti kó ẹ̀pà mi lọ ní dídì mẹ́ta. Ìyá mi nà mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn débi pé mo gbàgbé orin. Ìlù ni mi ò gbàgbé.

Ládípọ̀ padà sí Òṣogbo, ó ṣí irú ilé yẹn síbẹ̀ ní 1962. Àwọn ará Òṣogbo ò mọ òrìṣà Ìgbò kankan. Wọ́n gbọ́ Mbari, wọ́n ní "M̀ bá rí," wọ́n fi kún un pé "m̀ bá yọ̀." Ló bá di Mbari Mbayọ̀ títí dòní. Inú ilé yẹn ni Ọba Kò So ti jáde, tí wọ́n fi gbé Ṣàngó dé Berlin ní 1964. Gbogbo ìyẹn, látorí orin tó jí mi lẹ́pà.

Wọ́n tún ń tẹ ìwé ní Mbari yẹn. Ìwé ewì Okigbo tó kọ́kọ́ jáde, ibẹ̀ ni, ní 1962, ọdún márùn-ún kí ogun tó pa á. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tẹ ìwé Alex La Guma, ará Cape Town. Ìjọba tiwọn lọ́hùn-ún ti ọkùnrin náà mọ́lé, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ jáde. Òun ò lè jáde nílé ẹ̀. Ìwé ẹ̀ jáde n'Íbàdàn. Ìwọ wá ní kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀.

Má tíì gbé àwo yẹn. Fọ ọwọ́ òsì ẹ, mú fóònù, wá Jacob Lawrence. Ayàwòrán ni, aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà. Ní 1962, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ ẹ̀ ní Mbari, òun náà wá. Ìlú yìí wọ̀ ọ́ lára débi pé ó tún padà wá sí Nàìjíríà ní 1964 pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀, wọ́n sì lo oṣù mélòó kan. Ó ya àwòrán kan lọ́dún yẹn, Street to Mbari ni wọ́n pè é, ọ̀nà tó lọ sí Mbari. Washington ló wà báyìí, ní ilé àwòrán ìjọba wọn. Ṣé o ti rí i? Fẹ̀ ẹ́ kí n rí i dáadáa. Wo èrò. Wo ẹrù lórí. Wo páànù! Ọkùnrin yìí ní gbogbo New York láti máa yà, ọ̀nà ọjà ló wọ ọkọ̀ wá wò. Àwọn ọmọ kéékèèké wà níbẹ̀, wò wọ́n. Mo ti mú ọ̀kan nínú wọn, mo ti ní èmi nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ní 1964 mo ti di ọmọ ọdún méjìlá.

Nítorí náà, lọ́dún tó ń bọ̀, tó o bá ń kọ orúkọ ẹ sílẹ̀ fún Aké, kọ tèmi mọ́ ọn. Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn òǹkọ̀wé tó. Mo fẹ́ wọlé, mo fẹ́ jókòó sórí àga. Tí wọ́n bá ní ta ló ní ìbéèrè, èmi ni màá kọ́kọ́ nawọ́.

O ń rẹ́rìn-ín. O rò pé mi ò ní ohun tí mo máa bi wọ́n? Gbé ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí yẹn wá. Rárá, mi ò fẹ́ wo ìfọwọ́sí. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo fẹ́ wò. Ẹ́ẹ̀n. Gọ́ọ̀mù lásán ni. Kò sí òwú níbẹ̀. Kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ewé á máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ewé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣé ẹ̀ẹ́dẹ́gbàárùn-ún lẹ rà á ni, àbí jù bẹ́ẹ̀ lọ? Má sọ ọ́, ó lè kó ẹ̀jẹ̀ ríru bá mi.

O mọ̀ pé ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti gbé ẹ pọ̀n, o ò bi mí rí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀. Bàbá mi kú, ilé ìwé mi dúró ní kíláàsì kẹrin, mo ta ẹ̀kọ títí, nígbà tó yá ni ẹnì kan mú mi lọ. Bébà ni mo ń ká. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ká a. Bébà ńlá kan á tinú ẹ̀rọ jáde, ojú ewé mẹ́jọ níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn, mẹ́rìndínlógún lápapọ̀. Tó o bá wò ó bó ṣe jáde yẹn, wèrè ni: ojú ewé kìíní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹrìndínlógún, àwọn kan dorí kodò, ìtàn ò ní orí, kò nírù. O máa ká a lẹ́ẹ̀kan, o máa fi etí rúlà tẹ ojú ìká ẹ̀. O máa ká a lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà yẹn ni gbogbo ojú ewé á wá tò tẹ̀léra wọn. Tó o bá ṣì í ká, akọni inú ìwé á kú kí wọ́n tó bí i. Òórùn yíǹkì ń gun imú, bébà ń ya ìka bí abẹ. Ìka mi yìí, wò ó, ibẹ̀ ni ó ti dán báyìí.

Àwa obìnrin bíi mẹ́wàá la jókòó ti tábìlì, kálukú ló ní ìpín tiẹ̀ nínú ìwé. Ìpín kẹta ni tèmi. Ìyẹn ni pé láti ojú ewé 33 dé 48. Ẹlòmíì á tò wọ́n pọ̀, ẹlòmíì á fi òwú rán wọn, wọ́n á gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n á gé etí ẹ̀, ó di ìwé. Ọ̀gá wa kan ò fẹ́ ká máa kà á rárá, á ní wọn ò sanwó ìwé kíkà fún wa. Ṣùgbọ́n ta ló lè ká ohun kan ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgbà kí ojú ẹ̀ má yà síbẹ̀? Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀wé kà dáadáa. Gbogbo ìwé Yorùbá tí mo kà láyé mi nígbà yẹn, láti ojú ewé 33 dé 48 ni. Àìmọye ọmọge ni mo bá nínú wàhálà ní ojú ewé 33, mi ò mọ ohun tó gbé wọn débẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn, mo bá wọn sunkún, mo fi wọ́n sílẹ̀ ní 48 pẹ̀lú ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà tó ń kan ilẹ̀kùn. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣí i. Obìnrin tó ń ká ìpín tó gbẹ̀yìn jókòó síwájú mi gangan. Tí mo bá bi í pé báwo ló ṣe parí, á ní òun ò mọ ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo lè rà á. Ṣé owó oṣù yẹn ló máa ra ìwé, àbí owó ilé ìwé bàbá ẹ?

Ìbéèrè tí mo máa bi òǹkọ̀wé yín nìyẹn, níwájú gbogbo àwọn tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín: ta ló ká bébà ìwé yín? Ilé ìtẹ̀wé tó ti Oxford wá ti wà nílùú yìí láti 1949. Òun ni wọ́n ń pè ní University Press báyìí, ní Jẹ́ríkò. Àwọn tó kù wá tẹ̀ lé e. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ ẹ ní A B D, ìwé tí wọ́n fi kọ́ tíṣà ẹ, ọwọ́ obìnrin Ìbàdàn kan ti kọjá lára ọ̀pọ̀ ẹ̀. A kì í tò fún ìfọwọ́sí tiwọn.

Ẹ̀yìn Ọjà'ba tó o wí yẹn, jẹ́ ká dé ibẹ̀ kí oorun tó gbé ẹ. O mọ Òkè-Olúòkun, àbí? Ibẹ̀ ni Adégòkè Adélabú ti wá. Ó kọ ìwé kan ní 1952, Africa in Ebullition, ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó gbóná ju ata rodo lọ. Ó bọ́ sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sọ Gẹ̀ẹ́sì kan níbẹ̀ pé "peculiar mess". Àwọn èèyàn wa ò gbọ́ peculiar, wọn ò gbọ́ mess, wọ́n gbọ́ pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì mọ ohun tó túmọ̀ sí ju àwọn aṣòfin lọ. Ìwé tí Ṣóyínká kọ ní 1994 nípa Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ṣe àkọlé. Ta ló fún un? Àwa. Ìjàǹbá ọkọ̀ pa Adélabú ní March 1958 lójú ọ̀nà Èkó, irú ìrìn tó o rìn wálé lálẹ́ yìí, tó o fi ń jẹ́ kí àyà mi máa já.

Ọba tiwa gan-an kọ̀wé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tàbí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé nígbà tó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911. Ó di Olúbàdàn ní 1955. Fojú inú wò ó: ó kọ ìtàn ìlú sílẹ̀, ọdún mẹ́rìnlélógójì lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi í jọba ìlú ọ̀hún. Bí wọ́n bá ṣe báyìí fún gbogbo òǹkọ̀wé, wọn ò ní ríbi jókòó sí láàfin.

Ti òyìnbó tó wá ṣe àlejò náà, kì í ṣe Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀. Anna Hinderer, ìyàwó àlùfáà, dé Kúdẹ̀tì níbí ní 1853. Nígbà ogun Ìjàyè, ọ̀nà dí, wọ́n ta ẹrù ilé kí wọ́n lè jẹun. Ìwé tí wọ́n ṣà jọ látinú àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn tó kú ní ọdún mẹ́tàdínlógún nínú àkọlé. Ìyẹn lálejò. Tiyín Jímọ̀ ló dé, Sọ́ńdè ló lọ.

Èyí tó kàn mí jù ni ti Dẹ́nrelé Ọbasá. Ní 1924 ló dá ìwé ìròyìn The Yoruba News sílẹ̀ n'Íbàdàn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tiẹ̀ ló ní, kò tò sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ó ń tẹ ewì Yorùbá sínú ẹ̀, ó wá ṣà wọ́n jọ di ìwé ní 1927. Mo ń rántí ẹ̀ nígbà tó o ti Abẹ́òkúta dé ní 2016, tó o rí Ngũgĩ wa Thiong'o ní Aké, tó o dé ilé tó o ò sùn. Ngũgĩ wí báyìí, Ngũgĩ wí bẹ́ẹ̀. O ní ó ní kí kálukú máa fi èdè ìyá ẹ̀ kọ̀wé. O ní wọ́n tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n ní Kenya, orí bébà ilé ìgbẹ́ ló ti kọ ìwé Gĩkũyũ níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn láti ọjọ́ náà, nítorí bébà yẹn. Èmi tí mo ti ká bébà, mo mọ bí ti ilé ìgbẹ́ ṣe máa ń ya tí bírò bá kàn án. Nígbà tó kú lọ́dún 2025, mo bá a ṣe àdúrà. Ṣùgbọ́n mo bi ẹ́ lọ́jọ́ tó o ti Aké dé yẹn, Àjọkẹ́, o rántí? Mo ní, ìwọ ńkọ́, èdè wo lo fi ń kọ tìẹ? O ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n lọ wẹ̀."

O ti wẹ̀ tán báyìí, láti 2016.

Mo mọ̀ pé o kọ ìtàn kan nípa mi. Má ya ojú, àbúrò ẹ kì í pa àṣírí mọ́, ẹ̀gbọ́n ló jọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kan l'Ékòó, o fi ìkan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ. Mo lọ gbá yàrá ẹ, mo rí i. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo wọ awò mi. Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo rí "auntie". Mo rí "Bere". Mo rí "groundnut", torí ó máa ń wà lára agolo. Mo ṣí i síwájú, mo ṣí i sẹ́yìn. Láti ojú ewé kan sí ìkejì, mò ń rí ara mi bí ẹni tó ń wo inú ilé láti ẹnu ọ̀nà. Ìpín kẹta ni mo tún wà, ọmọ mi. Èmi ni wọ́n kọ ọ́ nípa ẹ̀, mi ò tún mọ bó ṣe parí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí obìnrin yẹn níkẹyìn?

Gbé ojú sókè. Kí ló dé tó o fi ń wo inú ọbẹ̀?

Háà. Àjọkẹ́. O pa mí?

O pa mí nínú ìwé, o tún wá kó aṣọ mi wọ̀ lọ sí Èkó! Àní kí ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yìí. Ẹni tí wọ́n pa, wọ́n tún pín ogún ẹ̀ kó tó kú! Má rẹ́rìn-ín, àmàlà á há ẹ lọ́fun. Má sunkún náà. Èwo gan-an lò ń ṣe? Mú àwo yẹn wá kí n bu ewédú kún un, ẹran kan ṣì wà nísàlẹ̀ ìkòkò, ìwọ ni mo fi í pamọ́ fún. Jẹun yó, fọwọ́ ẹ, lọ mú ìwé náà wá níbi tó o tún gbé e sá sí. Lẹ́yìn náà kó o jókòó síbí, kó o sọ fún mi bí mo ṣe kú. Ní Yorùbá.